Ìbẹ̀wò Màdáámú Théodore Brissac

Ohun kan ṣoṣo ni Odile Faverge ń bẹ Ọlọ́run fún ní ìgbà òtútù ọdún náà, kì í sì í ṣe ìwòsàn. Ó ti mọ̀ pé ìwòsàn ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nígbà tí dókítà ń fọwọ́ nínú bàsíà tó sì ń sọ fún Anthelme kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, pé àwọn igi etí odò Seine kò ní í rúwé tuntun lójú obìnrin yìí mọ́. Ohun tí Odile ń fẹ́ ni kí òun kú sínú orúkọ ọkùnrin tí òun fẹ́ràn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlú pé ìyàwó Anthelme Brissac ni, kì í ṣe obìnrin kan báyìí tó ń gbé òpópónà la Lune.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ó ti kọrin rí ní ilé eré kékeré kan lẹ́bàá ibodè Saint-Martin, ọkùnrin arúgbó kan sì ti gbà á sílé rí fún ọdún méjì, gbogbo ẹni tó ń jẹ́ èèyàn ní Paris ló sì mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Anthelme kọ́kọ́ rí i, òjò ń rọ̀. Ó ṣí agbòjò bò ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a padà. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti jọ wà báyìí. Tí ikọ́ bá mú Odile, Anthelme a gbé e lé àyà bí ọmọ ọwọ́, a máa ka ìwé fún un títí ikọ́ á fi rẹlẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá tẹ̀lé ikọ́, a mú aṣọ ìnujú náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a tì í bọ àpò ara rẹ̀ kíákíá, bí ẹni pé òun ló ni ín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Anthelme. Òfin sì ni pé ọkùnrin tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún kò lè gbéyàwó tí bàbá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i, àfi tó bá rán akọ̀wé òfin sí i lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù kan sí oṣù kan, láti fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ àṣẹ, kí ó sì tún dúró oṣù kan sí i. Akọ̀wé ti lọ ní oṣù Kọkànlá. Ó tún lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Bàbá gba ìwé náà nígbà méjèèjì, ó gbé e sórí tábìlì, kò fọwọ́ sí i. Odile fi ìka ka oṣù tó kù, ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó rí i pé àyà náà kò lè dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Tuesday kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Anthelme wà ní Rouen níbi tí ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ agbẹjọ́rò rán an lọ. Odile gbọ́ ẹsẹ̀ Màdáámú Crépin, obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà, lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin yìí kì í gun òkè láìjẹ́ pé ó fẹ́ sọ nǹkan.

“Ọmọ mi, fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí kí n tó sọ̀rọ̀. Àlejò wá.”

“Àlejò ta ni?”

“Tìẹ ni. Àlejò gidi o, kì í ṣe irú èmi àti ìwọ.”

Ó fi ìka méjì di káàdì kékeré funfun kan mú létí, torí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn àlùbọ́sà. Igun kan lára káàdì náà ti ká. Odile rí igun tó ká yẹn kí ó tó rí orúkọ. Tó bá jẹ́ ìránṣẹ́ ló mú káàdì wá, pẹrẹsẹ ló máa tẹ́jú. Obìnrin ilé ńlá tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ká igun. Ẹni tí wọ́n bá ká igun káàdì sílẹ̀ fún, wọ́n ti kà á mọ́ èèyàn nìyẹn, ojú kì í ti ẹnikẹ́ni láti kí i ní gbangba mọ́. Odile wá ka orúkọ náà: Màdáámú Théodore Brissac.

Ìyàwó bàbá Anthelme. Ìyá Anthelme.

Ó ní kí Màdáámú Crépin sọ ọ́ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má fo nǹkan kan. Ìyẹn jókòó, ó sì sọ ọ́. Ó ní òun ń bó àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà wọlé. Kò sí kẹ̀kẹ́ ẹṣin níta, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó wọ aṣọ àwọ̀lékè eérú, ìbòjú rẹ̀ sì bo ojú dé àgbọ̀n. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gun ìpele àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, ikọ́ mú un, ó fara ti ògiri. “Ikọ́ yẹn jọ tìẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbójú sókè,” ni Màdáámú Crépin wí. “Mo rò pé ìwọ lò ń bọ̀ nísàlẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó yọ káàdì, ó ká igun rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tutù rinrin. Bẹ́ẹ̀ òjò kò tí ì rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

“Kò wá sọ nǹkan kan?”

“Gbólóhùn kan. Ó ní, ‘Ṣé ọmọ mi wà lókè?’ Mo ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò, ìyàwó nìkan ló wà. Ó mi orí, bí ẹni pé ìyẹn náà dára. Mo yí ojú sí ọ̀bẹ mi, mo tún gbójú sókè, ó ti lọ.”

Odile kò gbọ́ èyí tó kù, torí ó gbà pé òun náà ni obìnrin náà ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ní Nantes, kò tíì sí obìnrin ọlọ́lá kan tó fi ẹnu pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbé káàdì náà sí abẹ́ ìrọ̀rí, ó sun ẹkún ayọ̀ títí ìrọ̀rí fi tutù. Ó ní òun kò ní í kọ lẹ́tà sí Anthelme. Tó bá ti Rouen dé, ni òun yóò fi ọ̀rọ̀ náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò kan ń béèrè ìbẹ̀wò míràn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fún èèyàn láti dá a padà, ọjọ́ Thursday sì ni Màdáámú Brissac ń gba àlejò. Nígbà tí Màdáámú Crépin rí i tó ń na aṣọ ṣẹ́dà dúdú sórí àga, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

“Dókítà ní o kò gbọdọ̀ yọjú sí atẹ́gùn.”

“Tí n kò bá lọ, àbùkù ni mo fi kàn án, Màdáámú Crépin. Kò ní í wá mọ́.”

“Tí o bá lọ, ìwọ náà kò ní í padà wá mọ́.”

Odile rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ Thursday, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sí òpópónà Saint-Dominique. Kò kun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibà ti bá a kùn ún. Ìránṣẹ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀ bí ẹni ń tu nǹkan dànù, ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu àwọn obìnrin mẹ́fà tó jókòó yí iná ká.

Odile ti máa ń fojú inú wo Màdáámú Brissac gẹ́gẹ́ bí obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń wúkọ́ nínú ìbòjú. Èyí tó dìde níwájú rẹ̀ sanra, ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, kò sì jọ pé ó ti wúkọ́ rí láyé rẹ̀. Odile tẹ orí ba. Ó ní òun wá dúpẹ́ fún iyì tí Màdáámú fi kan òun ní ọjọ́ Tuesday.

“Iyì wo?”

“Bí ẹ ṣe wá kí mi nílé, Màdáámú.”

“Èmi?” Obìnrin náà wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yíká. “Ní òpópónà la Lune?”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tó fi ìyẹ́ funfun sórí tẹ ẹnu sí etí ẹnìkejì, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀: “Àìsàn náà ti dé orí rẹ̀. Bí ó ṣe máa ń parí nìyẹn.” Ẹnìkejì dáhùn pé àwọ̀ funfun náà mà yẹ ẹ́ o, pé òun ti ń mu ọtí kíkan láti oṣù tó kọjá kí àwọ̀ òun náà lè funfun bẹ́ẹ̀, òun kò tíì rí irú rẹ̀.

Ojú Odile ń ṣú. Ó yọ káàdì náà nínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó nà án síwájú.

Màdáámú Brissac fi ẹ̀rín gbà á. Ó ka orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó tún un kà, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́tà orí káàdì tirẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán. Èyí fì sí ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ láyé àtijọ́. Àdírẹ́sì wà lábẹ́ orúkọ náà, ní òpópónà du Pot-de-Fer, ilé tí Brissac ti kó kúrò kí obìnrin yìí tó wọlé ọkọ. Ó ju káàdì náà sórí tábìlì bí ẹni tí nǹkan ta lọ́wọ́, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Àwọn obìnrin kò béèrè nǹkan kan. Ìtìjú ni, torí gbogbo àwọn tó ti dàgbà nínú wọn ló mọ̀, Odile nìkan ni kò mọ̀. Orúkọ ọkọ ló ń wà lórí káàdì ìyàwó. Tí ìyàwó bá kú tí ọkọ sì fẹ́ òmíràn, orúkọ yẹn náà ni òmíràn máa gbé lé àyà. Màdáámú Théodore Brissac méjì ló ti wà láyé yìí. Anthelme ń pe èyí ní Màmá láti ọmọ ọdún márùn-ún. Ti àkọ́kọ́ tó bí i, tó sì ti kú, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé náà, Anthelme náà kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Alàgbà Théodore, bàbá Anthelme, wọlé nígbà náà, ìwé ìròyìn lábẹ́ apá rẹ̀. Ó rí ọmọbìnrin tó dúró tó ń gbọ̀n, ó sì mọ ẹni tí í ṣe. Ó ti la ẹnu láti lé e jáde kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sórí tábìlì. Kò fọwọ́ kan káàdì náà. Ó jókòó.

“Igun ìsàlẹ̀, lápá òsì,” ni ó wí, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. “Gbogbo obìnrin ń ká tòkè. Wọ́n máa ń fi ìyàwó mi àkọ́kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni. Ó ní apá ọkàn ni òun ń ká.” Lẹ́yìn náà ló wo Odile. “Ta ló fún ọ? Mo jó gbogbo rẹ̀. Aṣọ, bẹ́ẹ̀dì, káàdì, gbogbo rẹ̀. Dókítà ní kí n jó o, mo sì dúró ti iná náà.”

Odile sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó mẹ́nu kan aṣọ eérú, ó mẹ́nu kan àtẹ̀gùn mẹ́ta. Nígbà tó dé ibi ohun tí àlejò náà béèrè, tó ní, “Ṣé ọmọ mi wà lókè?”, Alàgbà Théodore gbé ọwọ́ sókè pé ó tó.

Ó sọ èyí tó kù níwájú àwọn àlejò ìyàwó rẹ̀, bí ẹni tí kò rí wọn. Nítorí ikọ́ náà, ó kó ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀, ó fi ọmọ sókè pẹ̀lú alágbàtọ́. Oṣù mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń wá sí ìdí àtẹ̀gùn, a gun mẹ́ta, ikọ́ á mú un, a béèrè ọ̀rọ̀ kan náà. Òun á sì dáhùn láti òkè pé ọmọ ń sùn. “N kò jẹ́ kí ó rí i títí ó fi kú. Ọmọ náà kò sùn. Ó jókòó lẹ́sẹ̀ mi, ó ń ṣeré.”

Ìyàwó rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ láti fi dá a lẹ́kun, ó ní kí ó rántí ibi tó wà, ó ní kí ni wọ́n máa sọ ní gbogbo àdúgbò. Ó dáhùn pé kí wọ́n sọ ọ́. Ó ní kí Odile sọ fún Anthelme pé kí ó má rán akọ̀wé wá mọ́. Òun yóò wá fọwọ́ sí i fúnra òun.

Odile pọ ẹ̀jẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó gbé e délé. Apá ni wọ́n fi gbé e gun òkè, kò sì tún sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Friday, Anthelme ti Rouen dé. Odile sọ fún un, díẹ̀díẹ̀, bí èémí ṣe ń jẹ́ kí ó sọ. Ó ti rò pé ó máa rẹ́rìn-ín tàbí kí ó bínú sí Màdáámú Crépin. Ṣùgbọ́n ńṣe ló jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ní òun kò rántí ojú ìyá òun. Òun rántí ohùn kan tó máa ń wá láti ìsàlẹ̀ ilé, tó ń wúkọ́, tó ń dá dúró, tó tún ń wúkọ́. “Mo máa ń rò pé ajá ni. Mo máa ń ju èérún búrẹ́dì sí i láti orí àtẹ̀gùn.” Ó gbé ojú rẹ̀ sínú irun Odile, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Odile dì í mú. Ẹ̀rù ti ń bà á láti àná, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń yí po lórí rẹ̀: èwo nínú àwọn méjèèjì ni obìnrin náà ń pè ní ọmọ òun? Tó bá jẹ́ Anthelme ló wá mú ńkọ́? Ní ọ̀sán yẹn, ó gbọ́ ikọ́ lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò jẹ́ kí Anthelme jáde nínú yàrá.

Dókítà kọ ìwé pé kò sí àkókò mọ́, gbọ̀ngàn ìlú sì gbà kí wọ́n so wọ́n pọ̀ lórí ibùsùn. Ọjọ́ Saturday ni, oòrùn òtútù ń wọlé láti ojú fèrèsé. Alàgbà Théodore dé ṣáájú gbogbo èèyàn, ó dúró sí igun pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní orí ń fọ́ òun. Dókítà, ọkọ Màdáámú Crépin tó jẹ́ télọ̀, àti àwọn ọkùnrin méjì láti ọ́fíìsì Anthelme ni ẹlẹ́rìí. Màdáámú Crépin fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó di ṣíbí ọbẹ̀ mú bí ẹni di àbẹ́là.

Òṣìṣẹ́ ìlú náà jẹ́ arúgbó tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ó tẹ́ ìwé ńlá sórí tábìlì, ó ki imú bọ̀ ọ́, kò sì gbé orí sókè láti ìgbà tó ti jókòó. Ó ka òfin, ó húkọ́, ó béèrè pé àwọn òbí ọkọ ńkọ́, ṣé wọ́n fọwọ́ sí i.

Alàgbà Théodore tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Kò tíì la ẹnu.

“Mo fọwọ́ sí i.”

Ohùn obìnrin ni, láti ìhà ilẹ̀kùn, ó rẹlẹ̀, ó há, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé òkè tán. Gbogbo ojú yí sí Màdáámú Crépin. Ó mi orí pé òun kọ́.

“Bàbá ńkọ́?” ni òṣìṣẹ́ wí. Kálámù rẹ̀ ń ha lórí ìwé.

“Mo fọwọ́ sí i.”

Ó kọ ìyẹn náà. Ó wá gbé ìwé sún mọ́ ojú, ó kà á síta: “‘Níwájú bàbá àti ìyá ọkọ, tí àwọn méjèèjì wà ní ìjókòó, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i.’ Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?”

Odile mọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀: tí wọ́n bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò ya ojú ìwé náà dànù, wọn yóò ní kí wọ́n lọ mú ìwé ẹ̀rí ikú ìyá ọkọ wá láti àdúgbò àtijọ́, ó sì di ọjọ́ Monday kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀. Odile kò ní ọjọ́ Monday. Ó wo Alàgbà Théodore. Ọkùnrin náà ń wo ẹnu ọ̀nà, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

“Bó ṣe rí nìyẹn,” ni ó wí. “Ẹ má yí nǹkan kan padà.”

Nígbà tó kan Odile, ó fi gbogbo èémí tó kù fún un sọ bẹ́ẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ di ìwé rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú oríire, Màdáámú Brissac,” kò sì mọ ohun tí ó sọ, ó ń wá aṣọ ìnumú. Odile dijú. Orúkọ náà wọ inú rẹ̀ bí omi gbígbóná lójú òtútù. Ó ti di tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Màdáámú Crépin kó àwọn èèyàn lọ sí yàrá kejì láti mu wáìnì, wọ́n sì yára jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ku Odile àti Anthelme. Odile fa ẹsẹ̀ méjèèjì sókè lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìnira, kí àyè lè wà ní ẹ̀bá ìsàlẹ̀ ibùsùn. Anthelme rò pé òun ló ń yẹ̀ fún. Ó sún mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé, ó fẹ́ jókòó.

“Má jókòó síbẹ̀,” ni Odile wí.

“Èwo tún nìyẹn, ìyàwó mi? Ṣé àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

Ẹ̀rù kò ba Odile mọ́. Ó ti rí i pé obìnrin náà kò wá mú Anthelme lọ, ó sì ti rí i pé àyè wà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé orí bùláńkẹ́ẹ̀tì níbi tí ibùsùn ti tẹ̀ wọlé díẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Anthelme. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò wo ibòmíràn. Ó pẹ́ kí ó tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.